Ohun tí ojú wa ti rí lórí kernel Linux stable

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sáfà Debian (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà Linux) ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kernel stable, ìyẹn ẹ̀dà kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) tí wọ́n máa ń fi àtúnṣe àṣìṣe kún lẹ́yìn tó ti jáde, sì kàn mí gan-an. Lọ́jọ́ Sátidé, 9 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Debian 12.3 fẹ́ jáde pẹ̀lú kernel 6.1.64. Mo ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún update lálẹ́ ọjọ́ náà kí n tó rí ìkìlọ̀ wọn pé kernel yìí lè ba fáìlì jẹ́ lórí ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì. Mo pe ọ̀gá mi: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan lálẹ́ yìí.” Wọ́n ní ṣebí a ti sún iṣẹ́ yìí síwájú rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, àmọ́ dátà àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀.

Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Patch (àtúnṣe sí kóòdù) kan ni àwọn tó ń tọ́jú stable mú látinú kernel Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, wá sínú 6.1. Kò sí àléébù lára rẹ̀ níbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n patch mìíràn wà tó gbára lé, èyí tí kò sí nínú 6.1 rárá. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀kan tí wọ́n fi èkejì sílẹ̀, kernel ò sún àmì ibi tó kọ nǹkan dé síwájú mọ́ lẹ́yìn direct I/O (kíkọ dátà tààrà sórí dísìkì), dátà wá ń bọ́ síbi tí kì í ṣe ibi tirẹ̀. Sáfà á máa ṣiṣẹ́ lọ, fáìlì á máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. 6.1.66 ló tán an, Debian 12.4 sì jáde dípò 12.3 lọ́jọ́ kejì ìkìlọ̀ yẹn.

Stable ní òfin, ẹ sì mọ̀ ọ́n: patch gbọ́dọ̀ ti wọ kernel Linus kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò gbọdọ̀ ju ìlà 100 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tún àṣìṣe gidi ṣe. Irú patch yìí lè kọjá gbogbo òfin wọ̀nyẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdánwò nìkan ló lè mú un. Bí Greg Kroah-Hartman, olùtọ́jú stable, bá fi -rc (ẹ̀dà ìdánwò tó ń ṣáájú ìjáde) ránṣẹ́, bí wákàtí 48 péré la ní láti sọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí -rc ti 6.1 bá ti dé, mo máa ń gbé e sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, màá fi dd (àṣẹ tó ń da fáìlì kọ) pẹ̀lú oflag=direct (kó lè lo direct I/O) da fáìlì ńlá kọ sórí ext4, màá wá fi sha256sum (àṣẹ tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì) wò ó bóyá ẹ̀dà náà bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ẹlòmíràn dáhùn pé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Ohun tí ojú tèmi rí jẹ́ ti oṣù Kejì ọdún 2021, lórí kernel 4.9. Driver nẹ́tíwọ́ọ̀kì (kóòdù tó ń jẹ́ kí kernel lo ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan wà tí a máa ń kọ́ (compile) fúnra wa. Ó kọ́ dáadáa lórí 4.9.255. Lórí 4.9.256, kò kọ́ mọ́, ó ní òun ò rí max_mtu, orúkọ ohun kan nínú kóòdù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kernel. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan driver náà! Ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìkẹyìn sí nínú kernel, báìtì kan ni, 255 ló sì parí sí. 256 wá ṣàn bo nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀, ni driver bá rò pé 4.10 lòún wà, ó sì ń wá ohun tó jẹ́ pé 4.10 ló gbé e dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá nọ́ńbà yẹn dúró sí 255 fún àwọn tó ń kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4.9 dé 4.9.337 kí wọ́n tó pa á tì ní oṣù Kìíní 2023.

Ní ti ìdánwò yín, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ARM (oríṣi chip kan) méjì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fi script dd yẹn ránṣẹ́, màá bá yín dán -rc tó ń bọ̀ wò.