Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Àkàbà, Kétu
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan níbí, ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Tàǹtí kan ló ń kó wọn jọ ní Sátidé, ó ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó, bí ara obìnrin ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá wa ní wọ́n kàn ń fi àsìkò oko ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé ọmọ náà ti ń gbójú sókè bá àlejò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú ẹ̀ kọjá, kí ló ṣe fún yín?

Ìyá Ìbejì
Ẹgbẹ́ ni ò jẹ́ kí n fi séèjé, ilé-ìwé girama wa, sílẹ̀. Àwọn tá a jọ jókòó ní bẹ́ǹṣì kan náà ti bímọ méjì-méjì kí n tó gba BAC, ìwé-ẹ̀rí ìparí girama.

Aránṣọ Wandó, Àjàṣẹ́
Tèmi gùn díẹ̀, ẹ mú sùúrù. Ọmọ oko ni mí. Wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Àjàṣẹ́ nígbà tí n ò tíì lè gbé garawa omi tán. Ẹ̀yin náà mọ vidomègon, ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ní màá lọ ilé-ìwé. Àkàrà ni mo ń tà. Tàǹtí kan máa ń wá ra àkàrà lọ́wọ́ mi, ó wá bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo mọ ìwé kà. N ò dáhùn, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: kò pè mí lọ sí kọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló lọ. Ìyá lé e. Ó padà wá. Ìyá ní iṣẹ́ pọ̀. Ó tún padà wá, ó jókòó, ó ń bá wọn bó ẹ̀wà, kò tiẹ̀ dárúkọ mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ pé bí wọ́n bá lè ṣe é lálẹ́ lẹ́yìn ọjà, kí n máa lọ.

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. A ní àpótí àjọ kan tí wọ́n fi àgádágodo mẹ́ta tì. Ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, ọmọ kẹrin ló ń gbé àpótí, kò sẹ́ni tó lè dá a ṣí. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan. Èmi tí wọ́n ń yẹ ara rẹ̀ wò lálaalẹ́ bóyá ó jí owó àkàrà! Nínú àpótí yẹn ni mo ti yá owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ rírán. Lónìí àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ mi, n kì í sì í gba ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi níbi kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Alágbàdo
Èmi náà gbé lọ́dọ̀ èèyàn. Kò sí tàǹtí kankan tó wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi.

Aránṣọ Wandó, Àjàṣẹ́
@Alágbàdo pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Gbogbo ẹgbẹ́ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí wọ́n gbé wá sí abúlé wa, Faransé ni wọ́n ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ tó ti kúrò nílé-ìwé, tí ẹgbẹ́ tìtorí wọn wá gan-an, ń jókòó sẹ́yìn bí àlejò. Àwọn tó ti gbọ́ Faransé tẹ́lẹ̀ ló ń dáhùn, àwọn náà ni wọ́n yàn ṣe olórí. Obìnrin kan tó ń dáko ló dìde ní ìpàdé, ó ní kí wọ́n fi Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa, sọ ọ́ kí òun náà lè bá wọn jiyàn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ tí a rò pé ó ya odi ló bú sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe fẹ́ fún un lọ́kọ.

Bàbá Rúkáyá
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọkùnrin ńkọ́? Ọmọ mi ọkùnrin náà fi ilé-ìwé sílẹ̀, sẹ́mi, ọ̀kadà akérò, ló ń gùn, kò sẹ́ni tó wá bó ẹ̀wà nílé mi. Pẹ̀lúpẹ̀lù, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti tàpá sí òbí.

Ìyá Ìbejì
Bàbá Rúkáyá, ẹ̀yin náà ẹ kó àwọn ọmọkùnrin jọ, a ó wá bá yín se oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó dí yín lọ́nà.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì
Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wúwo, ẹ má ṣe fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nípa ti títàpá, òfin ẹbí ilẹ̀ wa láti 2004 ti ní ọmọ ọdún 18 ló tó fẹ́ ọkọ. Bí ọmọ bá sọ èyí fún bàbá rẹ̀, òfin ló ń sọ. Mo ti rí ọmọ tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, tí wọ́n mú jáde ní kíláàsì kí ó tó ṣe BEPC, ìdánwò àárín girama. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ tún wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Nínú ìdìbò oṣù kìíní 2023, obìnrin 28 ló wọlé nínú 109. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyí?

Bàbá Rúkáyá
24 nínú wọn, ìjókòó tí òfin yà sọ́tọ̀ fún obìnrin ni, ọ̀kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Yọ ìyẹn kúrò, mẹ́rin ló kù.

Aránṣọ Wandó, Àjàṣẹ́
Mẹ́rin yẹn gan-an ló fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ṣé obìnrin mẹ́rin péré ló gbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ yìí ni?

Ọmọ Aláṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé òyìnbó ló wá kọ́ wa. Ní Kétu níbí, Ìyáláṣẹ̀ ló ń ṣolórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ọkùnrin ló ń gbé ẹ̀fẹ̀ jó níwájú àwọn ìyá. UNESCO kàn wá kéde rẹ̀ fáyé ní 2001 ni.

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ àwọn ìyá àgbà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún. Ta ló ń tẹ́tí sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá?

Ọmọ Aláṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́
Ìyáláṣẹ̀ náà ṣe ọmọdé rí, ẹnì kan ló mú un dàgbà dé ibẹ̀.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ohun kan náà.

Ìyá Ìbejì
Rárá o, Tíṣà. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa jẹ oyè, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ aláta àti ọmọ àgbẹ̀ jọ wà níbẹ̀.

Alágbàdo
Angélique Kidjo, olórin wa, ńkọ́? Àjọ Batonga tó dá sílẹ̀ ní 2006, tìtorí àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọmọ Àkàbà, Kétu
Ẹ ṣé gan-an. Ìdààmú mi kan ló kù: Sátidé ni ìpàdé, ọjà wa kì í sì í dúró sójú kan lọ́sẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí Sátidé, ọmọ ò lè lọ, ìyá wa nìkan ò lè gbé ẹrù. Tàǹtí wá ní ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Aránṣọ Wandó, Àjàṣẹ́
Há! Ìyẹn ò dáa. Ọjà ni wọ́n ti ń rí owó ìwé àti kálámù. Mú tàǹtí yẹn lọ bá ìyá yín, má ṣe jẹ́ kí àbúrò rẹ dá a sọ. Kí àwọn méjèèjì ka ọjọ́ ọjà papọ̀ títí dé ìparí ọdún, kí wọ́n sún ìpàdé àwọn ọjọ́ yẹn sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọmọ Àkàbà, Kétu
Bàbá wa ńkọ́?

Bàbá Rúkáyá
Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ ní ínbọ́ọ̀sì. Èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ bàbá. Màá bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí tàǹtí yẹn náà wá jẹ́ ká rí òun.