Ọ̀pá ìdìmú tí ọwọ́ kò lè dì mú: ìrírí wa lórí títo táńkì ogun kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo fẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kì í sí nínú páálí táńkì tí a rà, tàbí tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dáa, tí oníkálukú wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Èmi ni màá ṣíde.

T-34 ni mo ń tò, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Soviet lò ní 1943, ní ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé mìlímítà kan lórí tèmi jẹ́ mìlímítà 72 lára táńkì gidi. Táńkì gidi yẹn fẹ̀ tó mítà 3. Èyí tó wà lórí tábìlì mi kò ju mìlímítà 42 lọ. Iṣẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́ títí mo fi dé ilé ìbọn, orí táńkì tó máa ń yí, níbi tí àwọn ọ̀pá ìdìmú wà. Ẹ mọ̀ wọ́n: irin róbótó tín-ín-rín tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìbọn àti ara táńkì, kí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó gun ẹ̀yìn táńkì lọ sójú ìjà lè rí nǹkan dì mú. Nínú páálí tèmi, wọ́n da ọ̀pá náà pọ̀ mọ́ ara ilé ìbọn, ó yọ gànńgàn síta bí àpá tó wú. Kò sí àlàfo kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mo mú kálípà, mo wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 0.8. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 72, ó lé ní mìlímítà 57. Mo dìde, mo wá páìpù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, mo gbá a mú. Àtàǹpàkò mi àti ìka àárín kò pàdé. Kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù, tí táńkì ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, wá rọ̀ mọ́ irú nǹkan báyìí? Á já bọ́ ni. Bí mo ṣe rò ó dé ibẹ̀, ojú mi kò lè gba ọ̀pá yẹn mọ́.

Gígé e kúrò kò le. Abẹ tó mú ni, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo ń ha á kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo wá fi sáńpépà parí rẹ̀. Àmọ́ irin tí wọ́n yọ́ dà ni ilé ìbọn irú T-34 tí mo ń tò yìí, ojú rẹ̀ kì í dán, ibi tí mo fi sáńpépà ha sì ti ń dán bíi dígí. Mo fi gọ́ọ̀mù olómi, èyí tó máa ń yọ́ ike, kùn ún, mo dúró kí ojú ike rọ̀, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí mo ti gé irun rẹ̀ kúrú gún un lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ títí ó fi padà rí ṣákaṣàka. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é kó tó bá ìyókù dọ́gba.

Ó kan ọ̀pá gan-an. Ike tí mo fà lórí iná ni mo kọ́kọ́ lò. Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí: ẹ mú igi ike tí àwọn ẹ̀yà máa ń so mọ́ nínú páálí, ẹ gbé e sókè iná àbẹ́là, kó má wọ inú iná, ẹ máa yí i títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì fa ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí ẹ bá ṣe yára fà á tó ni yóò ṣe tín-ín-rín tó. Mo rí èyí tó dà bí irun orí, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n bí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ṣe kàn án báyìí, ó dá. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún dá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbà pé ohun tí a ó máa fọwọ́ kàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ike.

Mo la wáyà ṣájà tó ti bàjẹ́, mo yọ bàbà inú rẹ̀, mo sì wá èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.3. Lára táńkì gidi, ìyẹn á lé díẹ̀ ní mìlímítà 21, ọwọ́ á ká a dáadáa. Bàbà inú wáyà kì í tọ́, ó máa ń lọ́ kólokòlo. Mo tẹ́ ẹ sórí dígí, mo gbé rúlà irin lé e, mo ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ rúlà náà títí ó fi tọ́ bí ọfà.

Àlàfo ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí òun ló fi í hàn bí ohun tí èèyàn lò. Bí ọ̀pá mẹ́rin bá wà, tí ọ̀kan jìnnà sára ilé ìbọn ju èkejì lọ, ojú á rí i kíá. Ike pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 0.75 ni mo tì sábẹ́ wáyà, ìyẹn tó mìlímítà 54 lára táńkì gidi, àyè tí ìka inú ìbọ̀wọ́ nílò. Mo fi ìlu ọlọ́wọ́ lu ihò 0.4, mo ki ẹsẹ̀ wáyà bọ̀ ọ́, mo sì kán súpà gúlù sí i láti ìta. Háà! Gúlù yẹn sá wọ abẹ́ ike pẹlẹbẹ lójú mi báyìí. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, ó fa ojú ilé ìbọn ya, ojú tí mo ti gún ní búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ. Mo jókòó, mi ò sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà ni pé mo máa ń fi ẹsẹ̀ wáyà sílẹ̀ kó gùn, kó yọ sínú ilé ìbọn, inú níbẹ̀ ni mo sì ti ń kán gúlù sí i kí n tó lẹ òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀. Níta, kò sí ẹ̀kán kan. Bó bá gbẹ, ike pẹlẹbẹ á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí kálípà ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Mo wọn mọ́ọ̀gádì, mìlímítà 0.6. Ìyẹn jẹ́ mìlímítà 43 lára táńkì gidi, bẹ́ẹ̀ irin tó ń gba ọta níwájú ara T-34 gan-an, 45 ni. Páànù lásán tó kàn ń dènà ẹrọ̀fọ̀ ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó irin tó ń dènà ìbọn ńlá! Mo gé e kúrò, mo fi páànù agolo ohun mímu rọ́pò rẹ̀. Kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.1 lọ. Ẹ fi sáńpépà ha á kí ọ̀dà lè dì í mú, súpà gúlù ni kí ẹ sì fi lẹ̀ ẹ́, torí gọ́ọ̀mù ike kò mọ irin. Ẹ ṣọ́ ìka yín, etí rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Àdùn rẹ̀ ni pé ẹ lè fi ẹ̀mú kékeré tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí èyí tó fara gbá igi lójú ọ̀nà.

Ẹnu ìbọn náà, mo lu ihò sí i: ìbọn mìlímítà 76.2 kò ju 1.06 lọ ní ìwọ̀n wa. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni mo fi sàmì sí àárín, mo wá bẹ̀rẹ̀ láti orí 0.4 lọ sókè. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìdìmú yìí wọ̀ mí lára, torí ohun tó jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí mi lórí Panther, táńkì àwọn ará Jámánì.

Zimmerit ni mo fẹ́ ṣe, ohun rírọ̀ bí amọ̀ tí àwọn ará Jámánì máa ń rẹ́ mọ́ ara táńkì kí bọ́ǹbù olóòfà àwọn ọ̀tá má bàa rọ̀ mọ́ irin. Ó máa ń ní ilà wínníwínní lójú. Mo po pọ́tì alápòpọ̀ méjì, èyí tó rọ̀ bí amọ̀ tó sì máa ń le bó bá gbẹ, mo tẹ́ ẹ, mo fi orí sikiriú kékeré tẹ ilà sí i. Nígbà tó gbẹ, inú mi dùn gan-an. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò táńkì gidi. Ilà tèmi jìn tó ìdajì mìlímítà, ìyẹn mìlímítà 36 lára Panther. Ó dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Zimmerit gidi fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi omi ra ìka mi, mo sì tẹ́ pọ́tì náà títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí àwọ̀ ike lábẹ́ rẹ̀. Eyín ayùn tó kéré jù lọ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́sẹẹsẹ, kó tó le. Mo wá ṣí i kúrò níbi etí àti igun, níbi tí igi àti òkúta máa ń gbá. Èyí dáa. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó dùn mí. Panther tí mo ń tò ní apata ìdí ìbọn, irin tó bo ìdí ìbọn níwájú, irú èyí tó ní àgbọ̀n, ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú bí àgbọ̀n èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Apata ti tẹ́lẹ̀ rí róbótó nísàlẹ̀, bí ọta bá bà á níbẹ̀, ó lè ta wálẹ̀ kó wọ òrùlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lórí awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ àgbọ̀n sí i láti oṣù kẹsàn-án 1944. Oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n dáwọ́ Zimmerit dúró. Ó ṣòro kí méjèèjì pàdé lára táńkì kan ṣoṣo, èmi ni mo sì pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù tí mo ti ṣe rí, lára táńkì tí kò yẹ. Mo wá apata aláìlágbọ̀n láti inú páálí mìíràn, mo tún rẹ́ ẹ. Ní báyìí, mo máa ń kọ oṣù àti ọdún táńkì sórí ìwé, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìtílà tábìlì, kí n tó gbé abẹ rárá.

—

Tèmi kò pọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá, ẹ̀yin náà àbúrò. Ohun tó máa ń já mi kulẹ̀ ni pé ẹ̀yà tí mo ti fi wákàtí kan gé á fò kúrò lẹ́nu ẹ̀mú, pí-ín, kò sí mọ́. Mo ti fi iná fóònù wá ilẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Aṣọ funfun ni mo ń lò báyìí. Mo lẹ etí rẹ̀ kan mọ́ abẹ́ tábìlì, mo fi ìkejì so mọ́ ìbàdí, ohunkóhun tó bá já bọ́, itan mi ló ń bọ́ sí. Mo tún máa ń fi téèpù bo ẹ̀yà náà kí n tó gé e, abẹ á gé òun àti téèpù pọ̀, kò sì lè fò.

Bọ̀dá, ìbéèrè kan. Báwo ni ẹ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró? Mo ti gé orí bóòtù 60 fún ẹ̀gbẹ́ kan, oorun ti ń kùn mí, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á rí i.

—

Àǹtí, orí bóòtù 60, ẹ kú sùúrù o. Mi ò lè gé tó bẹ́ẹ̀.

Èmi máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yà náà pé ta ló ń fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá ìdìmú, ìkọ́ okùn ìfà, ìdérí ibi tí awakọ̀ ń gbà wọlé, àpótí irinṣẹ́: gbogbo ibi tí ọwọ́ èèyàn bá ti dé ni mo ń ṣe dójú àmì, torí ibẹ̀ ni ojú ti ń wọn táńkì náà láìmọ̀. Abẹ́ ikùn táńkì, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Bóòtù tí ṣéènì ẹsẹ̀ bá bò, ẹ fi sílẹ̀. Àbúrò mi tó ṣe Panther ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: fọ́tò táńkì ti oṣù tí a fẹ́, torí ilé-iṣẹ́ tó ṣe T-34 kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pá ìdìmú wọn kò sì rí bákan náà.

Àná ni mo fọ́n ọ̀dà àkọ́kọ́ sí tèmi. Mo gbé e sábẹ́ fìtílà, mo yí i díẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀pá náà ti tẹ̀ sínú ní àárín, mi ò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ gbá a. Mo mú ẹ̀mú kí n tún un ṣe, mo tún gbé e sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òjìji rẹ̀ sì tò sára ilé ìbọn, tín-ín-rín, pẹ̀lú ibi tó ti tẹ̀.