Pápá gọ́ọ̀fù Shiskine ní Arran: ta ló ti débẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì (Glasgow): Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí ọkọ mi wá bá àwọn gbá gọ́ọ̀fù ní Shiskine, ní Blackwaterfoot, erékùṣù Arran. Kò gbá a rí. Èmi àtàwọn ọmọ máa bá a lọ, ká lè fẹsẹ̀ rìn dé King's Cave, ihò àpáta kan létí òkun. Wọ́n ní ihò 12 péré ló wà ní pápá gọ́ọ̀fù náà, 18 ló sì sábà máa ń wà níbòmíì. Ṣé wọn ò tíì parí ẹ̀ ni?

Bọ̀dá Kúnlé (Ayr): 😂 Wọ́n ti parí ẹ̀ tipẹ́, mà. Willie Fernie ará Troon, ẹni tó gba ife Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá, ní 1883, ló kọ́kọ́ la ihò 9 síbẹ̀ ní 1896. Wọ́n sọ ọ́ di 18 nígbà tó yá, àmọ́ ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, àwọn ihò tó wà lórí òkè padà di igbó, 12 ló ṣẹ́ kù. Lójú tèmi, òun ló dáa jù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ibo ló ti fẹ́ rí odindi ọjọ́ kan fún ihò 18?

Ẹ sọ fún ọ̀gá pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló pàṣẹ, Fernie kàn gbọ́ràn ni. Ihò kẹta, Crow's Nest, kò jìn rárá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ máa dúró sí, àsíá wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ẹ ò ní rí ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí. Ibi bẹ́ẹ̀ ò mọ ní ẹyọ kan. Àmì wà tí àwọn tó wà níwájú máa ń yí padà tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀. Tí àmì ò bá tíì yí, kó má gbá nǹkan kan o! Atẹ́gùn Kilbrannan Sound, òkun ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, náà ò mọ àlejò.

Àǹtí Rónkẹ́ (Edinburgh): Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìn ni tèmi. Òfin ilẹ̀ Scotland ti 2003 gbà yín láyè láti gba inú pápá gọ́ọ̀fù kọjá, àmọ́ àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ ṣeré níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbọdọ̀ kan ibi tí àsíá wà, tí koríko rẹ̀ fá kodoro bí orí ọmọ ìkómọ. Tí ẹnì kan bá ti gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù sókè, ẹ dúró jẹ́ẹ́ títí á fi gbá a tán. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "Fore!", ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ẹ má gbójú sókè wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ bo orí.

Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀, òkúta pọ̀ létí òkun yẹn. Ẹ pọ̀n wọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n o, ta ló fẹ́ pọn méjì? 😩

Àǹtí Rónkẹ́: Háà! Bàbá wọn á pọn ọ̀kan, kó pa gọ́ọ̀fù tì.

Bọ̀dá Kúnlé: Tẹ́ ẹ bá máa gbé mọ́tò, ẹ tètè gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi, ó máa ń kún nígbà ooru. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Brodick, String Road ni kẹ́ ẹ gbà, ó gba àárín erékùṣù já sí Blackwaterfoot. Kí ọ̀gá pe ilé ẹgbẹ́ wọn ṣáájú, kó béèrè bóyá wọ́n ń fi ọ̀pá yáni.