Àbúrò mi ò gbọ́rọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún ọlọ́pàá. Kí ni kí n ṣe?

Aránṣọ Ketu

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ketu ní Benin ni mo ń gbé, mo ń ránṣọ. Ibà kan ló dá àbúrò mi obìnrin dúbúlẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó máa fi dìde, etí ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití tó wà ní Louho, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló lọ. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì mọ Faransé kọ níwọ̀nba. Gàrí ló ń yan, iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ará Kútọnu ń wá rà á lọ́jọ́ ọjà.

Ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mú. Á yí àwọn ìka rẹ̀ sẹ́yìn títí wọ́n á fi wú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tí ìka rẹ̀ bá wú, kí ló tún kù tó fẹ́ fi pe aládùúgbò? Lẹ́yìn náà ló máa gba fóònù rẹ̀, torí orí fídíò WhatsApp ló ti ń bá èmi àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Louho sọ̀rọ̀. Owó gàrí náà, ìyá ọkọ ló ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n ní adití ò mọ owó kà. Adití tó máa ka tirẹ̀ tán kí n tó dé ìdajì tèmi!

Lóṣù tó kọjá mo mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. A ò tíì jókòó tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zẹ́mì. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì béèrè pé ta ló gbọ́ ohun tó ń fọwọ́ ṣe yìí. Ìyá ní òun ni, pé ọ̀dọ̀ òun ló ń gbé. Àbúrò mi fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ọkọ ti fẹsẹ̀ gbá a. Ìyá ní, "Ó ní inú ń run òun." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ lọ́rùn kí wọ́n lè rí ohun tí ọkọ ṣe. Ìyá ní, "Ó ní ọ̀fun ń dun òun." Mo pariwo pé irọ́ ni, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n fún un ní bírò àti ìwé, kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá yẹn wò mí bíi pé mò ń ṣàwàdà. Wọ́n ní ká lọ parí rẹ̀ nílé.

Ká délé, bàbá wa ní tó bá kúrò níbẹ̀, ta ló tún máa fẹ́ ẹ? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọlọ́pàá lọ.

Ta ló lè gbẹnu sọ fún un tí kì í ṣe ará ilé ọkọ, tí wọ́n á sì gbà? Èmi, wọ́n ní mò ń gbè é. Ṣé òfin sọ nǹkan kan nípa irú èyí? Ibo ló sì lè sùn sí? Yàrá kan ni tèmi, ṣọ́ọ̀bù ló wà níwájú rẹ̀. Ó ní ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Bàbá Ìdí Ìrókò

Ọmọ mi, ẹ kú ìdààmú o. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. A kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Ẹ pe àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó, kí wọ́n bá ọkùnrin náà wí. Bí ọlọ́pàá bá mú un, ta ni yóò bọ́ ọmọ?

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀

Ẹ kú àgbà, bàbá. Ẹ má bínú sí mi. Obìnrin yẹn ló ń yan gàrí, òun ló ń bọ́ ọmọ.

Aránṣọ, ohun tí ẹ sọ gẹ́rẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù: ó fún un lọ́rùn. Ẹ má kà á mọ́ ìgbájú. Ọkùnrin tó bá ti fún obìnrin lọ́rùn rí, a máa ń bẹ̀rù pé ó lè pa á lọ́jọ́ mìíràn. Ó sì lè má fi àpá kankan sílẹ̀ lọ́rùn. Ẹ bi í bóyá itọ́ ṣòro fún un láti gbé mì, bóyá ojú rẹ̀ ṣú, bóyá ó tọ̀ sára. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tò síbẹ̀ tó-tò-tó. Bí èyíkéyìí bá wà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan.

Ẹ gba sẹ́tífíkà lọ́wọ́ dókítà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ibi tí àpá kọ̀ọ̀kan wà, bó ṣe tóbi tó, àti àwọ̀ rẹ̀. "Wọ́n lù ú" nìkan ò tó. Ẹ ya fọ́tò àwọn ìka yẹn, kí ẹ sì tún un yà lọ́jọ́ kejì, torí ọgbẹ́ a máa hàn síi tó bá ṣe díẹ̀. Ẹ fi ọgbọ́n bi í tún, láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, bóyá ọkọ ń fipá bá a lò pọ̀. Òògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ó sì sàn kó má tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Ẹ fi sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá.

Olùkọ́ Adití, Àjàṣẹ́

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu. Iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ fún àwọn adití, mo sì ti rí ohun tí ìyá yẹn ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ilé tí wọ́n ti ń lu adití, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló máa ń sáré wá di ògbufọ̀. Ọlọ́pàá máa gbà á torí ó rọrùn, kò ní láti wá ẹlòmíràn. Ìyá yẹn ò tiẹ̀ gbọ́ èdè ọwọ́ rárá, àwọn àmì oúnjẹ àti iṣẹ́ ilé ló mọ̀.

Òfin wà. Ti 9 Oṣù Kínní 2012 (n° 2011-26) ka lílù nínú ilé, ìfipábánilòpọ̀ láàrin tọkọtaya àti ìdẹ́rùbani sí ọ̀ràn. Ti 2017 (n° 2017-06) ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Benin sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2012. Abala 13 rẹ̀ sọ pé kí ìjọba jẹ́ kí aláàbọ̀ ara rí ìdájọ́ gbà bíi ti gbogbo ènìyàn. Tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ ni, òfin 2021 (n° 2021-11) gbé e lọ sọ́dọ̀ CRIET, ilé ẹjọ́ pàtàkì kan tó wà níbí ní Àjàṣẹ́.

Ẹ má padà sí àgọ́ yẹn lọ́wọ́ òfo. Àbúrò yín mọ̀wé, kó jókòó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí Faransé rẹ̀ ò bá tiẹ̀ gún, ẹ má tún un kọ, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè mú ìwé náà lọ tààrà sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, pírókúrọ̀, ní ilé ẹjọ́ (tiribúnàá) Pobẹ̀. Kò di dandan kó gba ọwọ́ ọlọ́pàá. Mo máa bá a túmọ̀, tàbí kí n rán ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, a ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ògbufọ̀ sínú ìwé ẹ̀rí. Kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tí wọn ò tíì túmọ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun dárí ji ọkọ, tó rò pé ìwé oògùn ni.

Nọ́ńbà 114 wà, ti Institut National de la Femme, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, ọ̀fẹ́ ni. Adití ò lè pè é fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ pè. Ẹ tún lọ rí òṣìṣẹ́ GUPS Ketu, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran ará ìlú tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, CPS la mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti béèrè ibi tó lè sùn.

Ìyá Onígi, Ṣábẹ̀

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò ṣiṣẹ́, igi ni mo fi ń rìn. Nígbà tí mo wà nílé ọkọ, tí ìjà bá dé, orí àjà ló máa gbé igi mi sí, á wá jókòó máa wò mí bí mo ṣe ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ́. Kò fọwọ́ kàn mí lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà gbogbo ayé ní kì í lù mí.

Aránṣọ, ẹ má sọ ọjọ́ tó máa lọ fún ẹnikẹ́ni nílé ọkọ, títí kan àwọn ọmọdé. Ọjọ́ tí obìnrin bá ń kúrò ni ọkùnrin máa ń le jù. Ìwé ìbí tirẹ̀ àti ti ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, káàdì ìdánimọ̀, ẹ máa kó wọn jáde díẹ̀díẹ̀ nínú aṣọ tó ń gbé wá fún yín láti rán. Ẹ̀yin aránṣọ ní àǹfààní yẹn, ta ló ń tú àpò aṣọ wò? Ẹ ra fóònù kékeré mìíràn pa mọ́ fún un. Kí àwọn oníbàárà méjì tó dáa níbẹ̀ máa san owó gàrí fún yín.

Tí wọ́n bá júwe ibi tó máa sùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó gbà mí láyè ṣe dáadáa, àmọ́ àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà níwájú ilé náà, mo wà nínú yàrá bí ẹlẹ́wọ̀n. Ilé obìnrin kan tí òun náà ń fi igi rìn ni mo lọ gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Louho yẹn, ṣé kò sí ẹni tó ti nílé nínú wọn?

Aránṣọ Ketu

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Bàbá, mo gbọ́, ẹ ò ní bínú. Àwọn àgbà ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tún lù ú.

A ti lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wo ọrùn àti ojú rẹ̀, ó kọ ọ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, ìka mẹ́ta ló kọ síbẹ̀. Kó lè ráyè jáde, mo sọ fún ìyá ọkọ pé mo fẹ́ wọn aṣọ ọdún fún un. Ìyá Onígi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ti lọ́kọ, adití lòun àti ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa bọ̀ tọmọtọmọ. Ìwé rẹ̀ ló ń kọ báyìí lórí tábìlì ìránṣọ mi, ó ti kún ojú ewé kejì.

Olùkọ́, ṣé Ọjọ́bọ̀ rọ̀ yín lọ́rùn? Ṣé ká kọ́kọ́ wá bá yín ní Àjàṣẹ́ ni, àbí ká pàdé ní Pobẹ̀? Owó ọkọ̀ yín ń kọ́?