Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: half-life èwo ni kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wọ̀n?

Tíṣà Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 lọ́nà Ṣágámù níbí. Ẹnì kan fi ẹ̀rọ Geiger, èyí tó ń ka ìtànṣán, ta wá lọ́rẹ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn wọn bí ohun tó ń jáde nígbà tí àtọ́ọ̀mù uranium bá pín sí méjì ṣe ń jẹrà, kí iye tí wọ́n rí sì péye. Cesium-137 ni mo rò. Ṣé ó dáa?

Ẹ̀gbọ́n Lábù: Tíṣà, ẹ kú akitiyan. Half-life cesium, ìyẹn àkókò tí ìdajì àtọ́ọ̀mù rẹ̀ fi ń jẹrà di nǹkan mìíràn, tó nǹkan bí ọdún 30. Kí ẹ tó kúrò ní lábù, kò tíì sí ohun tó yí padà tí ojú lè rí. Ọmọ rẹ̀, ohun tó ń dà bó bá jẹrà, ni kí ẹ wọ̀n, ìyẹn barium-137m. Ìṣẹ́jú 2.55 péré ni tirẹ̀. Àpótí kékeré kan wà tí cesium wà nínú rẹ̀: ẹ ó ti omi iyọ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, barium á bá omi náà jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kán an sínú àwo, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ kíá, kí ẹ máa kọ iye tó kà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa di ìdajì wákàtí, ohun tó kù kò ní tó ìdá kan nínú 3,000, àpótí yẹn á sì ti bí òmíràn.

Ìyá Lábù Ẹ̀pẹ́: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ hàn yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìlà tí mo yà ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, àfi bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ lójijì. Mo ti gbà pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Àṣé ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀, ara ògiri àti ojú ọ̀run wá ló ń kà! Kí ẹ tó gbé barium dé rárá, ẹ jẹ́ kó ka òfìfo fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa yọ ìyẹn kúrò nínú gbogbo iye tẹ́ ẹ bá rí.

Iye tí ẹ̀rọ ń kà kì í dúró sójú kan: bí ẹ bá ka 100, ó lè fi 10 lé tàbí kó fi 10 dín. Bó bá jẹ́ 10,000, 100 ni. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ ro iye rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì sún àwo mọ́ ẹ̀rọ jù: bí ìtànṣán méjì bá dé pọ̀, ọ̀kan ló máa kà.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má ra àpótí yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé NNRA fọwọ́ sí i. Àwọn ni ìjọba fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Kó tó dé, ẹ kó owó ẹyọ 200. Ẹ dà wọ́n sílẹ̀, ẹ ṣa gbogbo èyí tó lanu sókè kúrò, ẹ ka ìyókù, ẹ tún dà á. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa lanu, síbẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn fi ń dín kù. Bí barium ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Tíṣà Ìkòròdú: Ẹ ṣeun gan-an ni! Mo ti rán ọmọ kan lọ sọ́jà Sábó fún owó ẹyọ. Ẹ̀gbọ́n, páànù ni òrùlé lábù wa o. Ṣé ooru kò ní dín half-life yẹn kù?

Ẹ̀gbọ́n Lábù: Rárá o. Inú kóró àtọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún ni ìjẹrà ti ń ṣẹlẹ̀, ooru páànù kò débẹ̀. Ẹ̀rọ yín ni kí ẹ gbé kúrò lóòrùn.