Wọ́n ń ta plugin mi ní ẹgbẹ̀rún méjì lórí Telegram, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi.

Mo ṣe plugin kan, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìkànnì, fún WooCommerce tí àwọn oníkànnì WordPress fi ń tajà. Ẹni tó bá ń tajà lórí wẹ́ẹ̀bù nílẹ̀ yìí mọ̀ pé owó ọkọ̀ ni wàhálà. Oníbàárà kan wà ní Ṣakí, ó ní kí ẹ fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà ní páàkì. Òmíràn fẹ́ kí ọlọ́kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Plugin mi ń jẹ́ kí ó yan ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ àti páàkì tó fẹ́, iye owó á sì jáde fúnra rẹ̀. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mo ń fà lò lóru. Ìyàwó mi ní kọ̀ǹpútà ni orogún òun.

₦25,000 lọ́dún ni mò ń tà á. Ẹnì kan wá rà á, ó ń tà á ní ₦2,000 lórí Telegram! Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tó ra ojúlówó lọ́wọ́ mi ń pè mí pé àwọn ò rí páàkì tí oníbàárà yàn mọ́, wọ́n ń béèrè owó wọn. Àwọn olè yìí ló bà á jẹ́. WordPress.org, níbi tí èèyàn ti ń gba plugin lọ́fẹ̀ẹ́, náà ti ti ẹ̀yà ọ̀fẹ́ mi pa, ìlara lásán. Báwo ni mo ṣe lè dì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i? Ṣé ọlọ́pàá lè mú ẹni yẹn?

Bọ̀dá Peckham: Fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Láti 2003 tí Matt Mullenweg àti Mike Little ti bẹ̀rẹ̀ WordPress ló ti wà lábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo kóòdù, tún un ṣe, kó sì pín in. Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó o gbé ẹ̀yà ọ̀fẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in. Orúkọ rẹ nìkan ni kò gbọdọ̀ fi tajà.

Ìyá Aláàdìrẹ: Èmi ò mọ kóòdù o, àdìrẹ ni mò ń tà l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé plugin ọ̀fẹ́ orí Telegram sí ìkànnì mi lésìí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹni tó bá tẹ orúkọ mi lórí Google, ìkànnì tẹ́tẹ́ ló ń já sí! Pásítọ̀ wa ló kọ́kọ́ pè mí. Ẹ bá mi wo ìtìjú.

Délé Sángo: Lo ionCube tó ń sọ kóòdù di ohun tí èèyàn ò lè kà, dì í pa. Ẹ̀yin ará òkè òkun ń ka òfin fún ọmọ tí ebi ń pa.

Bọ̀dá Peckham: Èmi náà jẹ gààrí kí n tó débí. Ṣé gbogbo server ló ní ohun tó ń ṣí ionCube ni? WordPress.org gan-an kì í gba kóòdù tí èèyàn ò lè kà. Àtúnṣe àti ìrànlọ́wọ́ ni kó máa tà, kí Paystack máa yọ owó ọdọọdún.

Kóòdù Ò Purọ́: Ọmọ Mọ́níyà, o ò sọ WooCommerce tí àwọn tó ń pè ọ́ ń lò. Báwo lo ṣe ń fi páàkì hàn lójú ewé ọ́dà? Ṣé add_meta_box, kóòdù tó ń fi àpótí kún ojú ewé, lo fi sórí shop_order, orúkọ tí ojú ewé ọ́dà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Mọ́níyà: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Láti 2021 ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kóòdù Ò Purọ́: Olè kọ́ ló bà á jẹ́ nígbà náà. Láti WooCommerce 8.2, ní 2023, ọ̀nà HPOS, ìyẹn tábìlì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ́dà, ni ṣọ́ọ̀bù tuntun fi ń tọ́jú ọ́dà. Ojú ewé ọ́dà kì í jẹ́ shop_order mọ́ níbẹ̀, àpótí rẹ ò sì ní jáde. Lo wc_get_page_screen_id, kí o sì máa fi $order->get_meta ka páàkì, kì í ṣe get_post_meta. Lẹ́yìn ìyẹn, wo checkout tuntun, ojú ewé ìsanwó tí wọ́n fi block tò. Tó bá jẹ́ woocommerce_checkout_fields, ọ̀nà ti checkout àtijọ́, lo lò, oníbàárà gan-an ò ní rí ibi tí á ti yan páàkì.

Délé Sángo: Mo ṣì ń sọ pé ionCube ni.

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ ṣé, sà, màá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tí mo ti ṣe fún àwọn olè yẹn. Láti ẹ̀dà 2.3, plugin náà ń fi orúkọ ìkànnì àti ímeèlì ẹni tó ni ín ránṣẹ́ sí server mi. Tí n ò bá dá a mọ̀, bọ́tìnì ìsanwó á kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Kóòdù Ò Purọ́: Ṣé ó wà nínú ẹ̀yà ọ̀fẹ́ náà?

Ọmọ Mọ́níyà: Fáìlì kan náà ni. N ò lè máa kọ méjì.

Kóòdù Ò Purọ́: Kí ni WordPress.org kọ sí ọ kí wọ́n tó tì í?

Ọmọ Mọ́níyà: Wọ́n ní òfin 7, pé mò ń gba dátà láìgbàṣẹ. Mo rò pé àwọn onígbàjúẹ̀ ni, n ò dá wọn lóhùn.

Bọ̀dá Peckham: Háà! Gbogbo àlàyé òkè yẹn, o ò mẹ́nu ba èyí?

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ dúró ná. Bọ́tìnì ìsanwó àbúrò mi ní Ìlọrin pòórá lọ́sẹ̀ Iléyá. Òun ra plugin páàkì tirẹ̀ ní ₦25,000 gééré. Ó kàn yí orúkọ ìkànnì rẹ̀ kúrò ní .com.ng sí .ng ni. Ṣé ìwọ ni?

Ọmọ Mọ́níyà: Bọ̀dá Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àtúnṣe yẹn. Tí ọdún ẹnì kan bá pé tí kò san owó ńkọ́?

Bọ̀dá Peckham: Àtúnṣe á dúró, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀dà orí Telegram yẹn ò ní rí àtúnṣe HPOS tí o fẹ́ ṣe gbà lọ́dọ̀ rẹ, ìdí nìyẹn tí èèyàn á fi san owó.

Kóòdù Ò Purọ́: Yọ kóòdù yẹn lálẹ́ òní. Fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó rà á, sọ ohun tó o yọ fún wọn. Fi Plugin Check, ètò tó ń yẹ plugin wò, yẹ ẹ̀yà ọ̀fẹ́ wò, kí o fèsì sí lẹ́tà WordPress.org. Wọ́n máa ń ṣí ohun tí wọ́n tì tí èèyàn bá tún un ṣe.

Ìyá Aláàdìrẹ: Mo béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ o, Ọmọ Mọ́níyà. Mo ti fi gbogbo èyí han àbúrò mi.

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mà.

Ìyá Aláàdìrẹ: Kí ló dé tí kò lè jẹ́ níbí?