Owó tó ń wọlé àti owó ilé ní káúńtì ìgbèríko Amẹ́ríkà: èwo ni kí n fi wé èwo?

Olùbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní káúńtì ìgbèríko kan (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní Amẹ́ríkà níbí fẹ́ gbà mí síṣẹ́, $42,000 lọ́dún sì ni wọ́n fẹ́ máa san. Ìlú ńlá ni mo ń gbé báyìí, owó ilé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán mi lókun. Gbogbo ẹni tí mo bá fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ń sọ pé kí n tètè máa lọ, pé ilé kò wọ́n lóko. Mo wá lọ wo ìṣirò tí Census Bureau, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka èrò, gbé jáde nípa káúńtì náà. Owó ilé tí wọ́n kọ síbẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ náà kéré. Nígbà tí mo sì wá ilé tó ṣófo, mẹ́ta péré ni mo rí, gbogbo wọn ló sì wọ́n ju iye tí wọ́n kọ lọ. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, èwo ni kí n fi wé èwo kí n tó lè sọ pé ibẹ̀ yóò rọ̀ mí lọ́rùn ju ibi tí mo wà lọ?

Ìdáhùn kìíní:

Ẹ kú ìrònú. Iye tí ẹ rí yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń wá ilé lónìí ni wọ́n fi ṣe é. Owó ilé agbedeméjì tí Census Bureau ń kọ (ìdajì ayálégbé ń san jù ú lọ, ìdajì kò san tó o), gbogbo ayálégbé káúńtì náà ló kó pọ̀, títí kan ẹni tó ti wà nínú ilé kan náà láti ọdún 15 sẹ́yìn, tí onílé kò fowó lé owó rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kó lọ. Owó iná, omi àti ohun ìdáná tí ayálégbé ń san wà nínú iye yẹn pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má fi wé iye tí onílé kọ sínú ìpolówó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti ro àwọn yẹn mọ́ ọn.

Ohun mìíràn ni ọdún. Káúńtì tí èrò ibẹ̀ kò tó 65,000 kì í sábà ní ìṣirò ọdún kan ṣoṣo tó kún nínú American Community Survey, ìwádìí tí Census Bureau ti ń rí irú iye wọ̀nyí. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń pa pọ̀ kí iye àwọn tí wọ́n bi léèrè tó lè tó nǹkan. Bí nǹkan bá yí padà lójijì, ìṣirò náà kì í tètè mọ̀. Nígbà tí epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà ní agbègbè Bakken fa àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ wá sí Williston, ní Williams County, North Dakota, lẹ́yìn ọdún 2010, owó ilé ibẹ̀ fò sókè débi pé ẹni tó bá gbọ́kàn lé ìpapọ̀ ọdún márùn-ún kò ní mọ ohun tí onílé yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún máa wo iye àṣìṣe, ìyẹn bí iye náà ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó, tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 64 péré ni wọ́n kà ní Loving County, Texas, ní ọdún 2020. Ta ni yóò gbára lé agbedeméjì irú ibẹ̀?

Iye tó sún mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọlé ni Fair Market Rent, tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ń gbé jáde lọ́dọọdún fún káúńtì kọ̀ọ̀kan. Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ń san ni wọ́n ń wò, owó iná àti omi sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fi wé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín, èyí tí ìjọba máa ń lò láti mọ̀ bóyá ilé kan ga ju agbára ẹni lọ. Nínú $42,000, ìdá 30 jẹ́ $1,050 lóṣù, kí owó orí tó jáde. (Ìdá 25 ni òfin kọ́kọ́ fún àwọn tó ń gbé ilé ìjọba ní ọdún 1969, ọdún 1981 ni wọ́n gbé e dé 30.)

Ìdáhùn kejì:

Ẹni tó dáhùn ṣáájú ti sọ ti ilé. Ti owó tó ń wọlé ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iye tí ẹ rí lọ́dọ̀ Census Bureau, owó gbogbo àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n pa pọ̀. Bí ẹ bá ń dá gbé, ẹnì kan lẹ ń fi wé tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń gbowó oṣù. Bureau of Economic Analysis, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò ọrọ̀ ajé, ní ìṣirò tirẹ̀, tó ń pín owó gbogbo káúńtì fún iye ènìyàn ibẹ̀, ó sì ń ka ohun tí Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, ń san fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà mọ́ owó tó ń wọlé fún wọn. Ní ìgbèríko tí arúgbó ti pọ̀, ìyẹn lè gbé iye náà ga, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè fi Medicare san owó ilé.

Ewu ìpíndọ́gba kò tíì tán síbẹ̀. Teton County, Wyoming, wà lára àwọn káúńtì tí owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn ọlọ́rọ̀ tí owó wọn ń ti ìdókòwò wá ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn tó ń gbá ilé, tó ń se oúnjẹ, tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gbé ibẹ̀. Idaho, ní òdìkejì òkè, ni wọ́n ti ń wakọ̀ wá lórí Teton Pass, ọ̀nà tó gba orí òkè náà kọjá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, apá kan ọ̀nà náà ya lulẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń rìn yípo ọ̀nà jíjìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí àwọn tí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́ ń sùn.

Ìdáhùn kẹta:

Àbúrò, tàbí ẹ̀gbọ́n, n kò mọ èwo, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sùúrù ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ní káúńtì ìgbèríko kan, nínú ilé tírélà, ìyẹn ilé tí wọ́n kàn tán ní iléeṣẹ́ kí wọ́n tó fi ọkọ̀ wọ́ ọ wá. Owó ilé mi kò tó ìdajì ohun tí mo ń san ní ìlú ńlá. Ní òwúrọ̀ kan nígbà òtútù, mo ṣí ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ nìkan ló fi mí lóhùn. Páìpù abẹ́ ilé ti di yìnyín. Mo dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ títutù, mo ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí ọwọ́ mi fi kú. Gáàsì tó ń mú ilé gbóná, inú táǹkì ńlá kan lẹ́yìn ilé ló wà, ẹni tó ń gbé e wá kì í sì í fẹ́ ta díẹ̀ fún ènìyàn. Owó rẹ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń ju rẹ́ǹtì oṣù kan lọ.

Ẹ wá ka ti ọkọ̀. Mo ń wakọ̀ 40 máìlì lọ, 40 máìlì bọ̀. Lọ́jọ́ 250 lọ́dún, 20,000 máìlì nìyẹn. Bí ọkọ̀ yín bá ń rin máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí gálọ́ọ̀nù sì jẹ́ $3, $200 lóṣù ti lọ lórí epo nìkan, láìtíì ka táyà.

Ti pé ilé kò wọ́n, mo ní èrò tèmi. McDowell County, West Virginia, tí àwọn awakùsà èédú kún ní ọdún 1950, tí èrò ibẹ̀ sì sún mọ́ 100,000, kò tó 20,000 mọ́ ní ọdún 2020. Ilé ibẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gidi, nítorí pé iṣẹ́ ti lọ. Níbòmíràn, ẹni tó ń gba $7.25 ní wákàtí kan, iye tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi àyè gbà láti ọdún 2009, $15,080 ni yóò gbà lọ́dún bó bá ṣiṣẹ́ ní kíkún, ìdá 30 rẹ̀ sì jẹ́ $377 lóṣù. Irú ilé wo ni $377 lè gbà, tí òrùlé rẹ̀ kò ní jò?

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n, èmi ni àbúrò. Bí mo bá wá pinnu láti ra ilé ńkọ́? Green card wà lọ́wọ́ mi.

Ìdáhùn kìíní:

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì USDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbèríko, tó wà fún agbègbè náà. Wọ́n ní owó yíyá kan tí wọ́n ń pè ní Section 502 Direct, fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ní ìgbèríko, ẹni tó ní green card sì lè béèrè fún un. Kì í sábà gba owó àsansílẹ̀, ọdún 33 ni wọ́n sábà fi ń san án, ìjọba sì lè fún ẹni tó bá yẹ ní ìrànwọ́ tó ń mú èlé rẹ̀ sún mọ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í yá ènìyàn lówó lórí ilé tó ti bàjẹ́ jù, irú rẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ tírélà lẹ fẹ́ rà, ẹ wádìí bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti yín. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó lè fowó lé e nígbàkigbà tí àdéhùn bá tán, owó tí ẹ ó fi gbé ilé náà kúrò níbẹ̀ kò sì kéré.

Olùbéèrè:

Mo ti pe onílé tí tirẹ̀ kéré jù nínú àwọn mẹ́ta yẹn. $850 lóṣù ló ń gbà. Mo bi í nípa gáàsì, ó ní ayálégbé ló ń rà á, pé táǹkì náà kò sì ní nǹkan kan nínú báyìí. Ilé ìwòsàn náà jẹ́ máìlì 31 sí ibẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọjá $1,050 yẹn. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n fi owó kún un, tàbí kí wọ́n bá mi wá ilé nítòsí. Mo ń retí èsì wọn kí n tó sọ fún onílé mi níbí pé mo ń kó lọ.